Àwòrán Ogun Kan Tí Wọ́n Gbé Wá sí Ìfọ̀nyìn

Nígbà tí ọmọkùnrin náà ti ilẹ̀ Faransé dé sí Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, ẹrù kan ṣoṣo wà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Ìwé àlẹ̀mógiri ni, ó ká a sínú páálí gígùn. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ sí ààfin, nítorí pé baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí Faransé kó lọ sógun láàárín ọdún 1914 sí 1918. Charles Fouqueray ni ó ya àwòrán náà ní 1917, ilé ìtẹ̀wé Lapina ní Paris ni ó tẹ̀ ẹ́, àkọlé rẹ̀ sì ni Journée de l'Armée d'Afrique et des Troupes Coloniales. Ẹni tí ó tà á búra pé ojúlówó ni, owó tí ó gbà kò sì kéré.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ohun tí a bá gbé kọ́ níwájú Kábíyèsí, ẹ̀rí ni àwọn ọmọ tí ń bọ̀ yóò kà á sí.

Bàbá mú dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Láyé ìgbà náà, orí òkúta ni wọ́n ti ń tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀. Bí a bá fi dígí wò ó, àwọ̀ náà a dà bí ẹfun tí a fi pa ara ògiri gbágungbàgun, hóró rẹ̀ kò ní ètò. Èyí tí ó wà lórí tábìlì kò rí bẹ́ẹ̀: àmì róbótó kéékèèké ni ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí àmì ara awó. Ojúlówó a máa ga ju mítà kan lọ. Èyí kò tó ìdajì rẹ̀. Ó pọ́n lójú bí ohun àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò ka ìyẹn sí, nítorí pé omi tíì lásán lè pọ́n ìwé lójú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì tan irú iná tí a fi ń mọ ayédèrú owó. Ìwé náà tàn yòò. Ẹyìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn aṣèwé bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà tí ń tàn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.

"Bàbá, ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?"

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ta ni wọ́n yà á fún?"

Àwọn ará Faransé ni, kí wọ́n lè dá owó fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe àwòrán ni ó kó àwọn ọmọ Dáhòmì lọ. Àwọn ọba àti olóyè tí Faransé ti sọ di olórí káńtọ́ọ̀nù ni wọ́n ń béèrè iye ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n sì jagun. Ọ̀pọ̀ ará Kétu sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n kó, Sẹ̀nẹ̀gàlì ni wọ́n ń pè wọ́n, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Gbogbo ilé dákẹ́ nígbà tí Bàbá sọ èyí, nítorí pé ààfin ni wọ́n fẹ́ gbé àwòrán ògo náà lọ.

Ó wá bi í léèrè ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní kò sí nǹkan kan, àfi ìwé pélébé kan nínú àpótí ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin, tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Ìwé ológun ni: nọ́ńbà, gíga ara, orúkọ baba tí akọ̀wé Faransé kọ ní àkọtì, àti orúkọ ìlú.

Ìyẹn ni wọ́n fi aṣọ funfun wé lọ bá Kábíyèsí. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́, ọmọkùnrin náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àtúntẹ̀ òde òní ni.