Òkúta Ewékorò Tí A Fọ̀ ní Ifẹ̀

Àwa ọmọ Òkè-Ògùn, ìdí àpáta ni wọ́n bí wa sí. Òkè Asábàrí ló ṣíji bo Ṣakí, mábù funfun sì kún Ìgbẹ́tì. Láyé ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ gbé mi lọ sí yàrá àyẹ̀wò òkúta ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ òkúta tó yàtọ̀ sí tiwa.

Láti Ewékorò ni wọ́n ti ń kó o wá, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. A ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó sì sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ohun tó bá kù nínú asẹ́ la ó sá, kí àwọn ọ̀gá tó fi máíkírósíkóòpù wò ó. Ìkarahun ẹ̀dá tíńtínní ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fòrámínífẹ́rà. Òmíràn nínú wọn a máa léfòó lójú òkun. Bó bá kú, ìkarahun rẹ̀ a rì sísàlẹ̀. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo Ewékorò.

Àwọn ọ̀gá kì í ṣàdédé pe ọ̀kan nínú fòrámínífẹ́rà wọ̀nyí ní irú tuntun. Wọ́n á kọ́kọ́ fi wé èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé: yàrá mélòó ló wà nínú ìkarahun náà, níbo ni ẹnu rẹ̀ wà, ṣé ara rẹ̀ dán? Wọ́n á yàwòrán rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ Látìn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n á sì tọ́jú ìkarahun náà gan-an, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ wò ó. W. A. Berggren kọ̀wé lórí àwọn tó ń léfòó ní Nàìjíríà ní 1960. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí òkúta Ewékorò ní 1977.

Bí mo bá wálé ọdún, wọ́n a bi mí bóyá mábù Ìgbẹ́tì náà ní irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ nínú. Rárá o. Òkúta bíi ti Ewékorò ni mábù náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dàgbà jù ú lọ jìnnà, ooru abẹ́ ilẹ̀ sì ti pa á láwọ̀ dà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa òkúta ní Ewékorò, a kò ní kí ẹ má ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹ ṣáà máa mú díẹ̀ nínú ìpele kọ̀ọ̀kan fún àwọn yunifásítì, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti wà á sí i lára. Èyí tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ mọ́.