Ta Ló Yá Ẹnu Adlai Lò?

Adlai o! Adlai Stevenson, ọmọ Bloomington ní Illinois, ikú rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ló dùn mí jù. Ẹnu tó mọ́. Ẹnu tó mú. Ẹnu tí í pani lẹ́rìn-ín, tí í múni ronú.

Bàbá bàbá rẹ ti ṣe igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìwọ di Gómìnà Illinois ní 1949, o jáde du ipò Ààrẹ. 1952, Eisenhower fẹ̀yìn rẹ gbálẹ̀. 1956, Eisenhower yìí náà, ilẹ̀ yìí náà, ẹ̀yìn rẹ yìí náà. Wọ́n ya àwòrán rẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ ti lu. Bàtà ló lu, Adlai, ọ̀rọ̀ rẹ ò lu.

Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lo fẹ́ ṣe. Ààrẹ Kennedy gbé e fún Dean Rusk, ó ní kí ìwọ lọ jẹ́ ikọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. O gbà. Yéè, o gbà! Ò bá kọ̀, Adlai, ò bá kọ̀!

Oṣù kẹrin 1961. Wọ́n fi ọ̀dà Kúbà kun ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, wọ́n fi í ju bọ́ǹbù sí Kúbà. Wọ́n fún ọ ní àwòrán, wọ́n ní ọmọ Kúbà ló yí padà tó ń bá Kúbà jà. O gbé àwòrán sókè lójú gbogbo ayé. O sọ ọ́. Ẹnu tó mọ́ yẹn lo fi sọ ọ́! Irọ́ ni, Adlai. Irọ́ ni, wọn ò sì wí fún ọ. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán ọ, o fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ta ni kí n bi? Ta ló yá ẹnu ọmọ ọlọ́mọ lò, tí ò fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà?

Mo mọ̀, oṣù kẹwàá 1962 dé. O dojú kọ Zorin, ikọ̀ Rọ́ṣíà ní Àjọ náà, o ní kó dáhùn bóyá Rọ́ṣíà ti kó ohun ìjà sí Kúbà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwòrán òtítọ́ lo pàtẹ lọ́jọ́ náà. Kò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn ní o fẹ́ túúbá ni, torí o ní kí wọ́n bá Rọ́ṣíà jókòó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù keje 1965, Lọ́ńdọ̀nù, nítòsí Grosvenor Square. Ò ń rìn. O ṣubú. Ẹni ọdún 65.

Dìde, Adlai, mo bẹ̀ ọ́. Má gba àwòrán lọ́wọ́ wọn mọ́. Ìwọ tí wọ́n gbé òfin wá fún nígbà tí o jẹ́ Gómìnà, pé kí wọ́n máa mú ológbò tó bá ń rìn kiri, tí o ní o ò fọwọ́ sí i! Nítorí ológbò lo ṣe kọ̀. Kọ̀ nítorí ara rẹ. Wí fún wọn pé o kọ̀, Adlai, wí fún Kennedy, wí fún gbogbo wọn!