Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Na Àyìnlá Mọ́

Lọ́ńdọ̀nù

Ìyáà mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ Àyìnlá tí ẹ sọ lálẹ́ Sátidé kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní ife kan náà lẹ fi wọn ògì fún òun àti Àbẹ̀kẹ́. Ti Àbẹ̀kẹ́ wà nínú kọ́ọ̀pù gíga tẹ́ẹ́rẹ́, tirẹ̀ wà nínú abọ́ fífẹ̀, ló bá bú sẹ́kún pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Ẹ tún un wọ̀n níṣojú rẹ̀, kò gbà. Bàbá ní ojúkòkòrò ni, wọ́n fi pàṣán nà án. Àbúrò mi ní olódo ni, kí ẹ gbé e lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń sọ kìkì Òyìnbó ní Ṣakí.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ojúkòkòrò, kì í sì í ṣe olódo. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ojú ló fi ń ṣírò. Ohun tó ga jù ló pọ̀ jù lójú rẹ̀. Jean Piaget, ọ̀mọ̀wé kan ní Geneva, da omi báyìí níwájú àwọn ọmọ Òyìnbó, èsì kan náà ni wọ́n fọ̀. Ó máa ń tó bí ọdún méje kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó rí i fúnra wọn pé kò dín, kò lé. Ẹ̀yin tí ẹ gbin iṣu, ẹ kì í hú u wò lóṣù kẹta.

Ẹ jẹ́ kó máa bá yín wọn gààrí, kó dà á sínú ike, kó tún dà á padà. Ẹ bi í pé, “Kí lo rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?” kí ẹ sì farabalẹ̀ gbọ́ ọ. Èdè wo ni yóò fi ro ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tó ń fi tọrọ omi lọ́wọ́ yín?

Mo ti mọ mẹ́rìndínlógún, ogún tí a yọ mẹ́rin nínú rẹ̀, lẹ́nu yín kí n tó wọ iléèwé. Síbẹ̀, wọ́n nà mí lórí ìyọkúrò tí wọ́n fi Òyìnbó bi mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Òyìnbó wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Òyìnbó pàápàá. Ẹ ka ibí yìí sí àbúrò mi létí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ gbé kọ́ọ̀pù àti abọ́ náà síwájú fóònù. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ. Ẹ má sọ èsì fún un o.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́