Ọ̀nà Òkè Badou

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ní Kétu pé àwọn ará wa kan wà ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, tí wọ́n ń pe èdè wọn ní Ifẹ̀. Ní ìsinmi tó kọjá, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ ní ọjà wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò mi kò pin síbẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Akposso, ló pè mí sí ilé ìyá rẹ̀ ní Badou, lẹ́bàá ààlà Gánà.

Bí a ti kúrò ní Atakpamé ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ó lọ́ sọ́tùn-ún, ó lọ́ sósì. Igbó ní apá kan, ọ̀gbun ní apá kejì. Nígbà tó yá, ó sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Litimé, níbi tí kòkó ti ń so. Kò dúró ní Badou, ó kọjá lọ sí Gánà. Àwọn Akposso sì wà níhà méjèèjì.

Nígbà ayé àwọn Jámánì, ilẹ̀ kan ni. Ogun 1914 ló jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in. Ìdìbò 1956 ló sì so apá ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Gánà, tó gba òmìnira ní 1957.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò ìyá ọ̀rẹ́ mi dé láti òdìkejì ààlà, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn yẹn ní ilé ẹ̀kọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé. Mo rò pé wọn yóò kàn máa wo ara wọn lójú ni. Rárá o! Èdè Akposso ni wọ́n fi bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ fi délẹ̀.

Inú mi bàjẹ́. Mo rántí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìmẹ̀kọ, ìlú tó wà lábẹ́ Kétu kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà ní 1889. Àkọ́bí mi bá mi lọ. Faransé nìkan ni mo fi tọ́ ọ, kí ó lè tètè mókè ní ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ olóògbé fà á mọ́ra, ó ní: “Ìyá rẹ àgbà kì í yé dárúkọ rẹ.” Ọmọ náà gbójú sókè wò mí, kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Èmi olùkọ́! Ojú tì mí.

Láti ìgbà tí mo ti ti Badou dé, mo ń pa àlọ́ kan fún un lálaalẹ́. Ó ṣì ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Mo ń dúró dè é, bí awakọ̀ wa ti rọra mú ọkọ̀ gun òkè náà. Nígbà tí a bá tún kọjá sí Ìmẹ̀kọ, mo fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.