Ẹ Yọ Ọ́ Lára Ògiri Ná

Ní Basawa níbí, ní Zaria, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sin ẹja sínú pálọ̀: àpótí gíláàsì tó kún fómi, ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́, gílóòbù ń tàn lókè wọn. Ó dùn ún wò, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Gílóòbù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó so ó rọ̀ lè tú, ọmọdé lè fọwọ́ gbá a, kó sì já sómi.

Bó bá já, ẹja lè máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Gíláàsì kì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà iná lè wà nínú omi kó má ríbi gbà jáde. Ẹni tó bá wá fẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, tó ki ọwọ́ bọ omi láti yọ gílóòbù, òun fúnra rẹ̀ ló di ọ̀nà. Volt 230 ni iná ilé wa. Ìdá kan nínú mẹ́wàá amp péré lè da lílù ọkàn rú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé òkùnkùn. Wọ́n á ti mú iná lọ, ẹnìkan á ní àsìkò nìyí láti pààrọ̀ omi ẹja. Apá á ti wọ omi dé ìgbọ̀nwọ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò tó pariwo “Up NEPA!” (Láti 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀, ẹnu wa ni kò gbàgbé.) Kí ariwo náà tó délé, iná ti dénú omi. Iná ìjọba kì í kágò kó tó wọlé. Súwìíṣì tí ẹ pa kò tó pẹ̀lú: wáyà kan ṣoṣo ló ń gé, bí ẹni tó wáyà ilé bá sì ti gbé e sódì, iná ṣì wà nínú gílóòbù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì.

Ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tó gùn jù, ló ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, òjò kì í sábà rọ̀ níhìn-ín, ilẹ̀ á gbẹ, á le. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Ọ̀pá bàbà tí oníṣẹ́ iná rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò lè má wúlò tó bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kó rì í jìn, kí ẹ sì máa bomi sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ ní kó fi bírékà tí wọ́n ń pè ní RCD sí i, èyí tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí 30 milliamp bá ti ṣìnà. Gílóòbù volt 12 sì sàn fún ẹja, bí àpótí tó ń dín iná rẹ̀ kù bá jìnnà sómi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ sumo fa omi sí kòtò ẹja àrọ̀, ọ̀rọ̀ yín náà ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí gílóòbù bá ti já sómi, ẹ má fọwọ́ kan omi. Ẹ lọ pa iná gbogbo ilé níbi mítà, kí ẹ tó yọ púlọ́ọ̀gì. Bí iná bá ti gbé ẹnìkan, ẹ má dì í mú kí iná tó kú. Gílóòbù tó bá sì ti mumi, ẹ jù ú nù. Ẹ má tà á, ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.