Làpálàpá Ló Ń Yún Ni

Bí ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn bá délẹ̀, òwe kan wà tí kì í pẹ́ dé ẹnu wa: a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òun la fi ń bú olóòtú tó gbé ìjà òṣèré méjì sí ojú ewé àkọ́kọ́, tó sì ti àìsàn tó ń pa ọmọdé sẹ́yìn ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó òkú. Òwe náà dára, àmọ́ ó jọ pé a ti ń pa á tipẹ́ láì wo àìsàn méjèèjì dáadáa. Làpálàpá ń yún ni. Ó wà lójú ara, gbogbo ayé ń rí i, ẹni tó mú kò lè gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí kan. Ètè kì í yún ni. Iṣan tí ara fi ń mọ ìrora ni ètè ń pa, débi pé iná á jó onítọ̀hún lọ́wọ́, kò ní mọ̀. Ẹni tó fi ètè sílẹ̀ tó ń họ làpálàpá lè má jẹ́ òmùgọ̀. Ibi tó ń yún un ló ń họ. Bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe rí náà nìyẹn. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ tàbí àìláàánú olóòtú ló ń pa ọ̀rọ̀ ńlá mọ́lẹ̀ jù lọ. Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ni: ohun tó bá yún ni lónìí nìkan ló ń tètè mọ̀. Ìbínú orí íntánẹ́ẹ̀tì kàn wá sọ yíyún náà di òwò ni.

Ẹ dúró níbi tábìlì fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn kan láàárọ̀, ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn tàbí l'Ójúẹlẹ́gba l'Ékòó. Àwọn tó yí tábìlì náà ká, ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ẹ́ ra ìwé. Àkọlé ni wọ́n wá kà, kí wọ́n lè rí nǹkan jiyàn lé lórí. Òkúta kéékèèké wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ẹ́ ṣí inú rẹ̀, fẹ́ńdọ̀ á ní kó mówó wá. Olóòtú mọ èyí. Ohun tí ojú lè rí láti ẹ̀yìn èèyàn mẹ́ta ló ń wá. Ìbéèrè tó fi ń ṣa ìròyìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta ní 1859: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a tẹ èyí tó kọjá àti òní? Ti Townsend, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ti ayé ìsinsìnyí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó bá rí lónìí bó ṣe rí lánàá kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Bí omi kò bá yọ nílé ẹ̀kọ́ kan fún ọdún mẹ́wàá, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá na ọmọ kan nínàkunà nítorí pé ó pẹ́ níbi tó ti lọ pọn omi, tí ẹnì kan sì ká a sórí fóònù, ọjọ́ yẹn ló tó ṣẹlẹ̀. Ariwo á ta, wọ́n á lé olùkọ́ níṣẹ́, kọmíṣánnà á bá ọmọ náà ya fọ́tò. Ẹ̀rọ omi á wà níbẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ọjọ́ kejìlá oṣù náà ni Ilerioluwa Aloba, olórin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí MohBad, kú l'Ékòó lẹ́ni ọdún 27. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, wọ́n hú òkú rẹ̀ kí àwọn dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tan àbẹ́là kiri ìgboro, kò sì sí ilé tí wọn ò ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ kó bá wọn wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ikú tó rú ni lójú, ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn ọlọ́pàá sì tọ́ láti bi wọ́n. Àmọ́ lóṣù yẹn kan náà, àrùn dífítéríà wà nílẹ̀, ní Kánò jù lọ, tó ń mú àwọn ọmọdé. Àrùn náà máa ń hu awọ kan tó dà bí eérú sí ọ̀fun, awọ náà á máa ki sí i títí ọmọ ò fi ní lè mí mọ́. Láti ìparí ọdún 2022 tó ti bẹ̀rẹ̀ sí òpin oṣù kẹsàn-án yẹn, àwọn tó ti pa ti lé ní 400. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, ó ti wà ṣáájú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àgbà ọmọ wọ̀nyí.

Wọ́n ròyìn dífítéríà o, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Iye tuntun, gbólóhùn méjì láti ọ̀dọ̀ NCDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Nàìjíríà, ó parí. Ẹ fojú olóòtú wò ó ná. Ikú olórin ní ojú tí a mọ̀, ó ní orin tí a lè fi sábẹ́ fídíò, ó ní àwọn tí a lè fura sí. Ọmọ Kánò kú nítorí abẹ́rẹ́ kan tí kò gbà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, bóyá nítorí pé sẹ́ńtà ìlera jìnnà, bóyá nítorí kòrónà tó da ètò abẹ́rẹ́ rú, bóyá nítorí àhesọ tí bàbá rẹ̀ gbọ́. Ọ̀daràn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà débi pé kò sí ọ̀daràn tí a lè tọ́ka sí. Ìbínú kò rí ẹni bà lé.

Ẹnì kan lè ní ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé gbajúmọ̀ ni MohBad, tálákà làwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Àti pé Èkó ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn wà. Òótọ́ díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Chibok sẹ́gbẹ̀ẹ́ Damasak. Ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó ni méjèèjì, kò sí èyí tí àwọn òbí ibẹ̀ jẹ́ olówó, ọwọ́ Boko Haram kan náà làwọn ọmọ bọ́ sí, nínú ọdún kan náà. Ní Chibok, ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lóru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2014. Lóṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gba ìlú Damasak, wọ́n sì sé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Zanna Mobarti mọ́ inú ọgbà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Chad àti Niger ń bọ̀ lóṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n kó wọn lọ. Ó kéré tán, 300 ni wọ́n. Ti Chibok, gbogbo àgbáyé pariwo rẹ̀. Michelle Obama gbé ìwé sókè nílé ìjọba Amẹ́ríkà. Ti Damasak, ó di oṣù kẹta ọdún 2016 tí àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ jáde kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ iye wọn rárá. Chibok ní òru kan tí a lè tọ́ka sí, ó ní iye kan, ó ní àkójọ orúkọ, ó ní àwọn ìyá tó lè jókòó sójú kámẹ́rà. Damasak wà lọ́wọ́ ọ̀tá, oníròyìn ò lè débẹ̀, oṣù lórí oṣù ni wọ́n sì fi mú àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ìròyìn tó ti gbó kí wọ́n tó bí i ni. Àní Chibok fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ariwo tó kan ọ̀run, nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá ní 2024, àwọn ọmọ tí kò tíì padà wálé ṣì lé ní 80.

Àwọn tó ń ta yíyún yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 2017, Facebook ka àmì ojú tó ń bínú sí ìlọ́po márùn-ún àmì àtàǹpàkò tí a fi ń sọ pé nǹkan wù wá, nínú ìṣirò tí ẹ̀rọ wọn fi ń yan ohun tí a máa rí. Ó di 2020 kí wọ́n tó sọ ìbínú di òdo nínú ìṣirò náà. Ní 2023, X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń fa èsì nínú owó ìpolówó. Ẹni tó bá wá kọ ohun tó lè mú ọgọ́rùn-ún èèyàn bínú ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn wa sì wá ń fi ohun tó ń jà ràn-ìn lórí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣe atọ́nà: ohun tí ẹ̀rọ gbé sókè láàárọ̀ ni wọ́n máa fi ṣe àkọlé nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á tún wá gbé àkọlé náà sókè. Báyìí ni èèyàn ṣe ń họ ibi tí ọmọnìkejì rẹ̀ ti họ.

Àwọn oníròyìn á fèsì pé ohun tí èèyàn ń fẹ́ làwọn ń tà. N kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́: bébà wọ́n, owó ìpolówó ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ni owó oṣù rẹ̀ sì ń wọ oṣù méjì kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, èsì yìí gbà pé ohun tí ìka èèyàn tẹ̀ lójú fóònù ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ètò orí rédíò Yorùbá tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ará ìlú pè wọlé. Owó káàdì tirẹ̀ ni olúkúlùkù fi ń pè, á sì tún tò fún ìgbà pípẹ́ kí ìlà tó wọlé. Kí ni wọ́n ń sọ? Iná tí kò sí. Títì tó ti di kòtò. Transfọ́mà tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí. Owó gáàrì. Ìka tó ń tẹ fóònù kò náni ní nǹkan kan. Ẹni tó náwó lórí ọ̀rọ̀ ló jẹ́ ká mọ ohun tó ká a lára.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní ìbínú yìí gan-an ló ń gba nǹkan fún wa. Wọ́n á mẹ́nu ba EndSARS, ìpolongo tako ikọ̀ ọlọ́pàá SARS, wọn ò sì jayò pa. Láti 2017 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bọ́ sí títì lóṣù kẹwàá ọdún 2020, láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n kéde lọ́jọ́ kọkànlá pé wọ́n ti tú SARS ká. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú wo ló ń gba nǹkan? Ìtàn Bagega ni mo máa fi dáhùn. Ní 2010, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières rí i pé òjé ló ń pa àwọn ọmọ ní àwọn abúlé kan ní Zamfara. Òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ ń lọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà, nínú àgbàlá ilé. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì ń bà sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń rá. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó kú lé ní 400. Wọ́n fọ ilẹ̀ àwọn abúlé kan, ó wá ku Bagega. Wọn ò lè fún àwọn ọmọ ibẹ̀ lóògùn, torí pé inú májèlé kan náà ni wọ́n máa padà sí. Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí owó tó lé ní 800 mílíọ̀nù náírà, owó náà ò sì jáde. Ìgbà yìí ni Hamzat Lawal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n gba Bagega là. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, owó jáde, wọ́n fọ ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ sì rí ìtọ́jú.

Orí ẹ̀rọ kan náà, àwọn èèyàn kan náà tó ń bínú sí òṣèré. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó kígbe Bagega ti bá ìbínú náà wá àdírẹ́sì. Iye kan pàtó ni wọ́n ń bèèrè, tí ìjọba ti fẹnu ara rẹ̀ sọ, fún abúlé kan pàtó, lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan pàtó. Òjò tó ń bọ̀ sì jẹ́ gbèdéke, torí kò sẹ́ni tó lè máa wa ilẹ̀ májèlé nínú ẹrẹ̀. Wọ́n sọ ètè di ohun tó ń yún ni. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn sì gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe é nígbà yẹn kì í ṣe iléeṣẹ́ ìròyìn.

Wọ́n á ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ ò sí nínú dífítéríà. Ó wà. Ó wà nínú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, níbi tí nọ́ọ̀sì fi bírò kọ ọjọ́ tí ìyá máa gbé e padà wá sí: tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Bí ìyá bá dé lọ́jọ́ náà tí wọ́n sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti tán, tàbí pé kó lọ ná kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ kò tíì tó iye tí wọ́n lè torí rẹ̀ ṣí ìgò, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ ní orúkọ, ọ́fíìsì kan sì wà tó yẹ kó gbé abẹ́rẹ́ náà wá. Oníròyìn kan lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì sẹ́ńtà náà láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, kó ka iye ìyá tó wọlé àti iye tó fi ọmọ pọ̀n padà láì gbà á, kó sì tún padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìwé kan náà lọ́wọ́.