Láti Kanvili Dé Orí Omi Volta

Kò sí odò ní Kanvili. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yìí ní Tamale, tó wá sọ pé ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gbafẹ́, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i, kí wọ́n tó bi í léèrè pé omi dà. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tí a fi ń wẹ̀ níbí, Nawuni ni wọ́n ti ń fà á láti inú Volta Funfun, Dalun ni wọ́n sì ti ń sẹ́ ẹ. Odò náà ń bẹ̀ wá wò nílé, nígbà tí ẹ̀rọ bá dáa lọ́jọ́ náà. Tí èèyàn bá wá fẹ́ dá ìbẹ̀wò rẹ̀ padà, ọ̀nà wo ni kó gbà?

*

Àwọn ará ilé wa tó wà ní Ìlú Ọba ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n máa ń háyà ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n á sùn sínú rẹ̀, wọ́n á dáná nínú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á sì máa wà á lórí odò àfọwọ́gbẹ́ tó ti wà láti igba ọdún ó lé. Ìbú ọkọ̀ náà kò pé ẹsẹ̀ bàtà 7; gígùn rẹ̀ lè tó 70. James Brindley, tó gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn odò wọ̀nyẹn láyé àtijọ́, ló fi òṣùwọ̀n yẹn lélẹ̀, torí pé odò tóóró kì í jẹ owó tó odò tó fẹ̀, kì í sì í fi omi ṣòfò. Òfin kò gbà kí ọkọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fajá rìn létí odò lè yà yín sílẹ̀, kó sì tún kí yín pé ẹ kú ìgbádùn.

*

Ìṣirò wọn ni mo fẹ́ràn jù. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ga sókè tàbí tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, wọ́n mọ yàrá omi síbẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, ẹ ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ó fi irin lílọ́ ṣí ihò omi, ẹ ó dúró títí omi inú á fi dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú, ẹ ó wá fi ẹ̀yìn ti igi gbọọrọ tó mú ilẹ̀kùn náà dání kó lè ṣí. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 nìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì ṣe é, òjò ì báà máa rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ka yàrá omi kan, tí a ó máa pè ní ilẹ̀kùn, sí máìlì kan nígbà tí wọ́n bá ń yan ọ̀nà.

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Four Counties Ring, tó yí po débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Máìlì 110 ni, ilẹ̀kùn 94. Ẹ pa á pọ̀, ó di 204. Tí ọkọ̀ bá ń rin máìlì 3 ní wákàtí, wákàtí 68 nìyẹn. Ẹ pín in sí ọjọ́ méje: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ṣé ìsinmi nìyẹn, àbí iṣẹ́ oṣù? Ẹni tó bá fẹ́ sinmi lóòótọ́ á gba Llangollen lọ sí Wales. Gígùn rẹ̀ kò tó máìlì 50, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju 21 lọ, ó sì gba orí afárá Pontcysyllte tí Telford àti Jessop parí ní 1805, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ nínú ọpọ́n irin ní mítà 38 lókè odò Dee. Apá kan ọpọ́n náà kò ní ìdábùú kankan. Ẹ óò wolẹ̀ láti inú ọkọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan láàárín yín àti àfonífojì.

*

Tí a bá fi ìṣirò àwọn ará ibẹ̀ wo Volta, kò sí ọ̀nà tó rọrùn tó o láyé. Láti Akosombo, níbi tí dáàmù ti sọ odò náà di adágún, títí dé Yapei tó nǹkan bíi kìlómítà 400, kò sì sí ilẹ̀kùn kan láàárín. Ilẹ̀kùn tó wà, dáàmù fúnra rẹ̀ ni, òun kì í sì í ṣí fún ọkọ̀. Ààrẹ Nkrumah ṣí i ní 22 January 1966. Nígbà tó fi máa di 24 February, àwọn ọmọ ogun ti gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni dáàmù Kpong tún wà láti 1982. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá omi lọ títí dé òkun ní Ada, ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò ni yóò fi parí rẹ̀.

*

Yapei ni omi tó súnmọ́ wa jù lójú ọ̀nà Kumasi. Tamale Port ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ afárá ibẹ̀, ọkọ̀ onígi ló pọ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́ja sì ń yí ẹja gbígbẹ lórí àwọ̀n irin bí ẹni ń yí ojú ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ fún Yapei Queen, ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò àti ẹrù lórí adágún. Ó wá jẹ́ pé Yeji ni ìrìn ọkọ̀ náà ń mọ. Ayaba Yapei kì í dé Yapei.

*

Ètò ọkọ̀ náà, bí wọ́n ṣe tò ó, ni pé ìrọ̀lẹ́ Ajé ló ń kúrò ní Akosombo. Á ya Kete Krachi, á dé Yeji láàárọ̀ Ọjọ́rú, á kó ẹrù, á sì padà sí Akosombo lọ́jọ́ Ẹtì. Ará Kanvili tó bá fẹ́ bá a lọ á jáde láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, á gba Salaga dé Makango, á wọ fẹ́ẹ̀rì sọdá sí Yeji, á sùn síbẹ̀. Ọjọ́rú ni yóò wọ ọkọ̀. Àbámẹ́ta àti Àìkú, kó máa jayé orí ẹ̀ ní Atimpoku lẹ́bàá afárá Adomi, níbi tí wọ́n ti ń ta abolo pẹ̀lú ẹja wíńníwínní díndín tó jẹ́ pé ẹ̀kúnwọ́ kan ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lọ́jọ́ Ajé, kó tún wọ ọkọ̀ padà, tàbí kó bá bọ́ọ̀sì lọ. Èmi ò rí ohun tó burú nínú bọ́ọ̀sì nígbà àbọ̀.

*

Iṣu ló ni ọkọ̀ yìí. Èrò kàn ń bá iṣu wọ̀ ọ́ ni. Ní Yeji, àwọn aláàárù á máa gun pákó gòkè, wọ́n á tò ó sílẹ̀ lórí-ìdí, ìdí-lórí, kó má baà yí tí ìgbì bá gbá ọkọ̀. Pọ́nà ló pọ̀ jù, irú iṣu funfun kan. Ìyá oníṣu á jókòó ti iṣu tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré àti bírò, tó bá sì fojú di aláàárù kan, gbogbo ọkọ̀ ló máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín ìgbà tí wọ́n máa kó o tán.

Níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti yàtọ̀ nìyí. Ní Ìlú Ọba, gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dúró ni iṣẹ́ wà fún ẹni tó sanwó ìsinmi. Lórí Volta, bí ọkọ̀ bá dúró, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló dé. Ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba ìdúró, kó má wulẹ̀ yọjú sí èbúté, torí ó máa ba ti àwọn tó kù jẹ́.

*

Igi ṣì wà nísàlẹ̀ adágún náà. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní 1964, kò sẹ́ni tó gé igbó náà tán, omi bò ó ní ìdúró. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọra, tí omi ń fà, orí àwọn igi náà á súnmọ́ òkè, ọkọ̀ onígi tó bá fi ikùn gbá ọ̀kan nínú wọn lóru ti parí. Láàárín March sí May, ìjì àkọ́rọ̀ òjò tún wà. Ní August sí September, Burkina Faso máa ń tú omi dáàmù Bagré sílẹ̀, Volta Funfun á kún bo oko. Ní January, ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà. November lèmi mú: omi kún, igi jìn sísàlẹ̀, iṣu tuntun ti wọjà.

Ẹ má wọ ọkọ̀ onígi tó kún ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò ní ẹ̀wù ìléfòó. Iye òkú tí adágún yẹn ti gbé ti tó.

*

Kete Krachi tí ẹ óò yà sí kọ́ ni Kete àtijọ́. Ìyẹn wà lábẹ́ omi. Ọjà rẹ̀ gbòòrò lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé tú Salaga ká ní 1892, ibẹ̀ sì ni Imam Umaru, akéwì àti onímọ̀, ń gbé kó tó kú ní 1934. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin èèyàn ni dáàmù náà lé kúrò nílé, tí wọ́n kó lọ sí ìlú tuntun 52. Mo máa ń rántí wọn tí wọ́n bá ń yin ẹwà adágún náà.

*

Kì í ṣe dáàmù nìkan ló lé èèyàn. Kó tó di 1969, ọjà tí Yorùbá kò sí ní àríwá Ghana kò pọ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ìlọrin, wọ́n kún Tamale fọ́fọ́. Ní 18 November ọdún yẹn, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n di ẹrù sínú lọ́rì, wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀dínwó, àwọn mìíràn fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1970, ni wọ́n dá Volta Lake Transport Company sílẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ wọ̀nyí. Wọn ò bá a. Ká ní wọ́n bá a, mo mọ àwọn ìyá wa: iṣu ni wọn ì bá kó sí i. Kí èèyàn sanwó kó lè rìn díẹ̀díẹ̀, wọn ò ní gbà pé orí onítọ̀hún pé.

*

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham ní London, ojú odò àtijọ́ ni wọ́n ń gbà lọ sí ilé ìkàwé. Ẹ̀ka odò Grand Surrey ló wọ ibẹ̀ ní 1826, ọkọ̀ ń kó pákó wá. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dí i, ó di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Nílé wa ńkọ́? Láti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó, dé Badagry, dé Porto-Novo, dé Ganvié, omi so kọ́ra dáadáa. Ewéko olómi tó dé sí Badagry ní 1984 kò tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ kan tó ń rin gbogbo rẹ̀ tán.

*

Ẹrù ìrìn Volta: ẹní, aṣọ ìbora tó nípọn (yàrá inú ọkọ̀ kéré níye, orí dẹ́ẹ̀kì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn, atẹ́gùn òru kì í ṣeré), àwọ̀n ẹ̀fọn, kúlíkúlí Tamale, gàrí, omi mímu. Ẹja epìyà, ẹ óò rà á ní Krachi. Ẹ má wẹ̀ létí adágún, bó ti wù kó mọ́ tó. Àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí omi ti dúró sójú kan tí ìgbín kéékèèké rí ibi bímọ sí.

*

Yapei Queen ti dàgbà, ó sì máa ń dùbúlẹ̀ fún àtúnṣe. Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ wá ẹni bi léèrè ní Akosombo gan-an. Ẹ má gba ti oníbọ́ọ̀sì. Tí kò bá rìn, ẹ lè fi fẹ́ẹ̀rì Makango sọdá sí Yeji, kí ẹ gba Atebubu àti Ejura sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún wọ fẹ́ẹ̀rì mìíràn ní Adawso lọ sí Ekye Amanfrom. Omi ni, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní sùn lórí rẹ̀ lálẹ́ kan. Èmi á kúkú dúró dè é di Ajé mìíràn.